Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Dilẹ̀ ní Ìletò

Apá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà, nísàlẹ̀, ni géèmù RimWorld máa ń kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ sí. Oríṣiríṣi ni ìkìlọ̀ náà: oúnjẹ ń tán lọ, ibùsùn kò tó, ẹnìkan fara pa tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí kì í pariwo, tó kàn ń sọ pé ẹnì kan tàbí ẹni méjì nínú àwọn ará ìletò kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ géèmù yìí, kò sí ìkìlọ̀ tí mo kórìíra tó o. Bí ó bá ti yọjú, n óò dá eré dúró, n óò wá ẹni náà kàn, n óò sì fún un ní iṣẹ́, bí iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ ní láárí: kí ó lọ gé igi tí a kò nílò, kí ó lọ fọ́ àpáta tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kí ó lọ gbá ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ìkìlọ̀ náà kúrò lójú mi. N kò bi ara mi rí bóyá ìletò ni mò ń ṣe é fún, tàbí ìtẹ́lọ́rùn ara mi.

Fún ẹni tí kò mọ géèmù náà, ilé-iṣẹ́ Ludeon Studios ni ó ṣe é, ẹ̀dà rẹ̀ tó pé sì jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà bẹ̀rẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ni ọkọ̀ òfurufú wọn já lulẹ̀ sí ayé kan tó jìnnà, tí a ó sì ràn lọ́wọ́ láti tẹ ìletò dó. A kì í fa àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ méjì ni a fi ń ṣàkóso wọn. Èkíní ni ti iṣẹ́, níbi tí a ti ń fi nọ́ḿbà 1 sí 4 sọ ohun tí oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ. Èkejì ni ti wákàtí: ìlà kan fún ẹnì kan, àpótí 24 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì kun àpótí kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ iṣẹ́, àwọ̀ ìgbafẹ́, àwọ̀ oorun, tàbí àwọ̀ kan tó túmọ̀ sí pé kí ẹni náà ṣe èyí tó bá yẹ lójú ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wọn ni ó kù sí.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nínú àtẹ kejì yìí ni bí àkókò ṣe ń sáré. Bí a kò bá fi kún ìyára eré, ọjọ́ kan nínú RimWorld jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1,000, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 lórí aago tiwa. Wákàtí kan níbẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan níhìn-ín. Nítorí náà, lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè, ńṣe ló dà bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣe ju kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún jókòó lọ. Kò ní rí i pé ẹni tó jókòó ti ayò ṣẹ́ẹ̀sì yìí ti fi wákàtí mẹ́jọ fọ́ òkúta kó tó débẹ̀. Èmi náà kò rí i. Mo kun àpótí 18 ní àwọ̀ iṣẹ́, mo kun 6 tó kù ní àwọ̀ oorun, mo sì yọ ìgbafẹ́ kúrò pátápátá, pẹ̀lú èrò pé bí a bá kọ́ ògiri tán, tí oúnjẹ sì kún inú abà, àwọn ènìyàn mi yóò rí àyè sinmi.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ dára gan-an. Ògiri ń gòkè, oko ń fẹ̀, ìkìlọ̀ ọwọ́ tó dilẹ̀ kò sì yọjú rárá. Lẹ́yìn náà ni alásè wa fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ó wọ inú abà lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láìdúró. Ebi wá ń pa àwọn yòókù, ebi náà sì tún ba inú wọn jẹ́ sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó ń kọ́lé fún wa ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nínú ènìyàn mẹ́ta, ẹyọ kan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Mo bínú sí géèmù náà. Ó dá mi lójú pé ó ń fìyà jẹ mí láìnídìí, títí mo fi ṣí ojú ewé tó ń ṣàlàyé ipò ọkàn alásè náà, tí mo sì fara balẹ̀ kà á ní ẹ̀rìn àkọ́kọ́.

Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìṣirò. Ipò ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá kan tó ń lọ láti 0 dé 100. Fún ènìyàn tí kò ní ìwà àrà ọ̀tọ̀ kan, bí ọ̀pá náà bá lọ sísàlẹ̀ ju 35 lọ, ọkàn rẹ̀ lè dàrú níwọ̀nba. Bí ó bá kọjá 20, ìdàrúdàpọ̀ náà yóò le sí i. Bí ó bá wá lọ sísàlẹ̀ ju 5 lọ, ohun tó burú jù lọ lè ṣẹlẹ̀. Àìsùn ń já a wálẹ̀ ní ìpele mẹ́ta: ẹni tó ń tòògbé pàdánù 6, ẹni tó ti rẹ̀ pàdánù 12, ẹni tí àárẹ̀ ti borí pátápátá sì pàdánù 18. Ọ̀pá ìgbafẹ́ náà wà lọ́tọ̀, bí ó bá sì gbẹ tán, 20 odidi ni ó ń yọ. Mo ti fi ọwọ́ ara mi já alásè náà wálẹ̀ láti ibi tó dúró dáadáa sí, kìkì nítorí pé mo ka wákàtí méjì tí ì bá fi wo ojú sánmà sí òfò.

Ohun méjì ni mo kọ́ níbẹ̀, èkejì sì yà mí lẹ́nu ju èkíní lọ. Èkíní ni pé oorun kì í dípò ìgbafẹ́. Ènìyàn lè sùn fún wákàtí mẹ́jọ lórí ibùsùn tó dára, kí ó jí, kí inú rẹ̀ sì bàjẹ́ síbẹ̀, nítorí pé ọ̀pá kan ni oorun ń kún, ọ̀pá mìíràn ni eré àti fàájì ń kún. Èkejì ni pé ìgbafẹ́ pàápàá máa ń sú ènìyàn. Bí ohun kan ṣoṣo tó wà ní ìletò bá jẹ́ òpó tí wọ́n ń ju irin pátákò ẹṣin sí, yóò dùn mọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, wákàtí kan nídìí rẹ̀ kò ní kún ọ̀pá náà bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó di dandan kí a pèsè onírúurú: ayò ṣẹ́ẹ̀sì fún ọpọlọ, awò tí a fi ń wo ìràwọ̀, tẹlifíṣọ̀n, tábìlì tí wọn yóò jókòó yí ká láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọrọ̀ ìletò bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn ará rẹ̀ ń retí oríṣiríṣi sí i. Mo rí òtítọ́ nínú èyí tí n kò retí láti rí nínú eré: àkókò ìsinmi nìkan kò tó, ó yẹ kí ohun tó tọ́ sí ìsinmi náà wà níbẹ̀.

Àwọn tó ṣe irú géèmù yìí kò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní ọdún 1915 láti wo ìlera àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ogun. H. M. Vernon, tó ṣe ìwádìí fún ìgbìmọ̀ náà, rí i pé fífa wákàtí iṣẹ́ gùn kì í mú kí ohun tí a ń ṣe jáde pọ̀ tó bí a ti rò. Ní ọdún 1919, àdéhùn àkọ́kọ́ tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìyẹn ILO, fọwọ́ sí dá lórí wákàtí: 8 lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀. Èmi tí mo mọ gbogbo èyí nínú ìwé ni mo kun àpótí 18.

Lẹ́yìn ìletò àkọ́kọ́ yẹn, mo dá wákàtí ìgbafẹ́ padà, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn sì dínkù gan-an. Ṣùgbọ́n n kò tíì yí ọkàn padà nípa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n sinmi ní àkókò tí mo yàn fún ìsinmi. Ní àkókò iṣẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo ọwọ́ máa ṣiṣẹ́. Ó gba àkókò kí n tó rí i pé ohun ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èdè wa ti là á sílẹ̀ fún wa tipẹ́. Ọ̀lẹ kì í ṣe orúkọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ọ̀lẹ ń sá fún iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ti parí tirẹ̀, tàbí kò tíì rí èyí tí yóò kàn. Ẹni tí ó rẹ̀ tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Mo ń fi orúkọ ẹni àkọ́kọ́ pe ẹni kejì, mo sì ń fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹni kẹta.

Géèmù mìíràn ni ó kọ́kọ́ là mí lójú sí ìyàtọ̀ yìí. Oxygen Not Included, tí ilé-iṣẹ́ Klei gbé ẹ̀dà rẹ̀ tó pé jáde ní oṣù Keje ọdún 2019, kó àwọn ènìyàn sí inú àpáta lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ tí wọn yóò mí sínú kò ti tó. Ọjọ́ kan níbẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 600, a sì pín in sí ìpín 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 25. Oorun wà lọ́tọ̀, ìwẹ̀ wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ àti fàájì náà sì wà lọ́tọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, géèmù náà ń fún ènìyàn ní ìròyìn ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì gbé wà: ó ya àkókò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò tí wọ́n fi rìn, ó sì ya àkókò tí wọn kò ṣe nǹkan kan sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò tí wọ́n fi tọ́jú ara wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìròyìn náà dáadáa, mo rí i pé àwọn tí mo kà sí òṣìṣẹ́ takuntakun ń fi apá tó pọ̀ nínú ọjọ́ wọn rìn. Wọ́n ń gun àkàsọ̀ lọ gbé èédú kan, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ wá gbé òmíràn. Ní tòótọ́, ọwọ́ wọn kò dilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ti inú ìrìn náà jáde. Ìkìlọ̀ kankan kò sì sọ fún mi, nítorí pé ẹni tó ń rìn dà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé bí gbogbo ènìyàn bá lọ wẹ̀ ní ìpín kan náà, wọn yóò tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ìpín náà yóò tán, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láìwẹ̀. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, mo sì mú kí ọjọ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tirẹ̀. N kò kọ́ ilé ìwẹ̀ tuntun kankan, bẹ́ẹ̀ ìlà tán.

Ọ̀rọ̀ ìlà yìí ni ó gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń lò fún títò sórí ìlà, tí ó rọrùn láti lóye. Ká ní iṣẹ́ ń dé láìròtẹ́lẹ̀, tí a kò lè sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe pẹ́ tó, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń ṣe é. Bí ọwọ́ ẹni náà bá dí fún ìdajì àkókò rẹ̀, iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń ṣe lọ́wọ́, yóò jẹ́ 1 ní ìpíndọ́gba. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí fún 80 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò di 4. Ní 90, yóò di 9. Ní 95, yóò di 19. Ẹ wo ibi tó kẹ́yìn yẹn dáadáa: láti 90 dé 95, àyè 5 péré ni a gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń dúró dè é ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó bá wá fẹ́ kí ó dé 100, ìlà náà kò ní lópin mọ́.

Oníṣègùn ìletò ni ẹni tí ìṣirò yìí bá wí jù lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í dé lójoojúmọ́, bí ó bá sì dé, kì í dúró. Ní ìletò mi kẹta tàbí ìkẹrin, mo rí i pé oníṣègùn wa máa ń wà láìṣe nǹkan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, mo sì rán an lọ sí ibi tí a ti ń gé òkúta ní ìpẹ̀kun ìlà oòrùn. Àwọn jàǹdùkú wá gbógun tì wá ní ọjọ́ kan báyìí. Ènìyàn mẹ́ta fara gbọgbẹ́. RimWorld máa ń kọ iye wákàtí tó kù kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbọgbẹ́ tó tán sí ojú ewé ìlera rẹ̀, mo sì ń wo nọ́ḿbà yẹn bó ṣe ń dínkù nígbà tí oníṣègùn ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú ebi àti àárẹ̀ lára rẹ̀. Ó gba méjì là. Ẹni kẹta ni ẹni tó ti wà pẹ̀lú wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òkúta tí oníṣègùn náà gé kí ogun tó dé kò tó kọ́ ibojì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lè jẹ́ agbára tí ìletò tọ́jú pamọ́. Oúnjẹ tó wà nínú abà pàápàá kò ṣe iṣẹ́ kankan títí di ọjọ́ tí a nílò rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pè é ní òfò. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn wọ̀nyí kì í dúró bí òpó nígbà tí iṣẹ́ kò sí. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń lọ síbi ìgbafẹ́ fúnra wọn, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀pá tí ì bá gbẹ lọ́la ń kún lónìí.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ọwọ́ tó dilẹ̀ ló dára. Nígbà mìíràn, àmì àṣìṣe ni, àṣìṣe náà sì máa ń jẹ́ ti èmi tí mò ń ṣàkóso. Mo ti rí i tí ènìyàn mẹ́rin dúró láìṣe nǹkan nítorí pé igi tí wọn yóò fi kọ́lé wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo tì. Mo ti rí aránṣọ tó jókòó nítorí pé mo pàṣẹ ẹ̀wù márùn-ún, ó rán márùn-ún, n kò sì rántí pàṣẹ òmíràn. Mo ti rí ìletò tí ìdọ̀tí kún ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ìdajì àwọn ará rẹ̀ kò ní nǹkan ṣe, nítorí pé n kò fi nọ́ḿbà kankan sí iwájú orúkọ wọn lábẹ́ ilẹ̀ gbígbá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ́kọ́ yẹ àtẹ iṣẹ́ wò, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà àṣẹ tó wà lórí tábìlì iṣẹ́, kí n tó gbà pé òtítọ́ ni pé iṣẹ́ tán.

Frostpunk, tí 11 bit studios gbé jáde ní ọdún 2018, gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ lọ́nà tó le ju ti àwọn yòókù lọ. Òtútù ni ọ̀tá níbẹ̀, wákàtí 10 sì ni iṣẹ́ ojúmọ́. A lè fi òfin sọ ọ́ di 14, a sì tún lè fọwọ́ sí òfin pàjáwìrì tó ń mú àwọn òṣìṣẹ́ ibi kan ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 láìdúró. Mo ti lò ó, nítorí pé èédú kò ní tó di òwúrọ̀, gbogbo ìlú ni ì bá sì dì. N kò kábàámọ̀ ti alẹ́ àkọ́kọ́. Èyí tí mo kábàámọ̀ ni ẹ̀rìn kẹta, nígbà tí kò sí pàjáwìrì kankan mọ́, tí mo kàn ti mọ̀ pé bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀. Ẹnì kan kú sẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti Dwarf Fortress, iye àwọn tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ wà lókè ojú eré fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbangba, bí ẹni pé gbèsè ni. Síbẹ̀, géèmù yẹn gan-an ni ó fi hàn mí jù lọ pé ohun kan ń hù ní àkókò tó ṣófo. Láti ìgbà tí ilé ọtí àti ilé ìjọsìn ti wọ inú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn aràrá ibẹ̀ ní ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́: kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n mu ọtí, kí wọ́n wà pẹ̀lú ẹbí wọn. Bí wọn kò bá rí àyè fún un, ọkàn wọn kì í pa pọ̀ sójú kan, iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà kì í sì í dára tó. Ibi tí wọ́n ń kóra jọ sí nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ ni wọ́n ti ń di ọ̀rẹ́. Ìbádọ́rẹ̀ẹ́ yẹn ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ikú ẹnì kan lè ba ọkàn gbogbo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jẹ́, kí ìbànújẹ́ sì ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ènìyàn lè rò pé ó sàn kí a fi iṣẹ́ dí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n má baà mọ ara wọn. N kò lè ṣe irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Ìletò tí mò ń ṣàkóso lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ènìyàn mẹ́sàn-án. Mo fún gbogbo wọn ní àpótí ìgbafẹ́ méjì ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n lè pàdé nídìí tábìlì kan náà. Mo sì fi ọ̀pọ̀ nínú ọ̀sán sí àwọ̀ tó ń jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan ohun tó yẹ. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn òru, inú rẹ̀ sì máa ń bàjẹ́ bí ó bá wà lójúfò lọ́sàn-án, nítorí náà òun ni ó ń ṣọ́ wa lóru tó sì ń sùn lọ́sàn-án. Oníṣègùn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ilẹ̀ gbígbá àti ìwádìí lọ, ìtòsí yàrá ìtọ́jú sì ni méjèèjì wà.

Nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, ìkìlọ̀ náà tún yọjú ní nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́ wọn: ẹni méjì kò ní nǹkan lọ́wọ́. Mo dá eré dúró. Mo yẹ àtẹ iṣẹ́ wò, mo yẹ ilẹ̀kùn wò, mo yẹ àṣẹ wò, n kò sì rí àṣìṣe kankan. Oníṣègùn ni, àti ẹni tó ń fọ́ àpáta. Mo jẹ́ kí eré máa lọ ní ìyára rẹ̀ tó kéré jù. Wọ́n dúró sí ẹ̀bá ọgbà, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni afọ́-àpáta wọlé lọ sùn. Oníṣègùn lọ sídìí awò, ó sì wo ìràwọ̀ títí wákàtí oorun rẹ̀ fi tó.